Àádùn Rọ̀kíbátù

Ilé Àwọn Tíṣà,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1954.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Fàlílátù,

Mo kí yín kú ewu ọmọ. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ara yín ní líle, kí ọmọ tuntun máa mu ọmú dáadáa, kí Bàbá Fàlílátù náà sì wà ní àlàáfíà. Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e pé bí ẹ bá béèrè wa, àwa náà wà. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mo sì ti ya bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí irọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá, ẹ pe Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó kékeré ilé yín, kó wá jókòó tì yín kí ẹ tó kà síwájú.

Rọ̀kíbátù sọnù lọ́wọ́ mi. Láti ìrọ̀lẹ́ Alámísì ni, òní sì ni Sátidé. A kò tíì rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá Fàlílátù ṣe ni mo máa kọ́kọ́ sọ, kí ó lè ti dìde kí ẹ tó ka ìyókù. Kí ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ejìnrìn, kí ó sì ti débẹ̀ kí ọjà ọ̀la tó kún. Kí ó dúró létí omi níbi tí àwọn oníkòkò máa ń gúnlẹ̀ sí, kí ó wo inú gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti apá Ìkòròdú. Obìnrin tó ń ta ìkòkò ni kó wá. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ga, wọ́n ní ó dúdú, wọ́n sì ní ọkọ̀ rẹ̀ ní àmì ẹfun funfun níwájú. Èmi náà yóò kúrò níhìn-ín lọ́sàn-án yìí, èmi àti Ògúnsànyà ọlọ́kọ̀, a ó máa tẹ̀ lé etí ọ̀sà, a ó máa béèrè láti èbúté dé èbúté. Ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì tó gbé lẹ́tà yìí yóò dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ dípò kí n máa sáré.

Ẹ ó rántí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n wá kó àwọn ọmọ. Ọjọ́ kejì Iléyá ni mo dé Ẹ̀pẹ́ wá kí yín, mo bá yín lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ méjì, ariwo àwọn ọmọ sì gba gbogbo ilé. Èmi ni mo dábàá rẹ̀. Mo ní ọgbà eré kan ti dé sí Ìkòròdú, ọkùnrin ará Líbánọ́ọ̀nù kan ló kó o wá láti Èkó, ẹṣin onígi wà níbẹ̀ tó ń yí po, jangilọ́fà ńlá wà, ilé dígí sì wà tí èèyàn kúkúrú ti ń di gíga. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Bàdírù, ṣé o lè ṣọ́ wọn? Omi wà nítòsí ibẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àádọ́ta ni mò ń ṣọ́ láràárọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó wọn wọ ọkọ̀: Fàlílátù, Tìrìmísíyù àti Rọ̀kíbátù tiyín, àwọn méjì ti Ṣẹ̀rífátù, Bísíríyù ọmọ tèmi náà sì tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ ní Ìkòròdú, Ìyá wa ti wá pàdé wa létí omi. Bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo na ìka, mo bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ìyá gbá ọwọ́ mi wálẹ̀. Ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n? Ta ní ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?" Mo ní, "Ìyá, ojoojúmọ́ là ń kà wọ́n nílé ìwé." Ó ní, "Ìyẹn, ti òyìnbó ni. Àwọn ọmọ Mùnírátù ẹ̀gbọ́n rẹ nìwọ̀nyí. Má kà wọ́n." Mo ká ìka mi kò.

Ẹ rántí bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí a bá ń bá a ná ọjà Ejìnrìn ní kékeré. Á di àádùn sínú ewé, iye ẹnu wa, á fi sínú igbá, á sì pín in nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí. Bí ìdì kan bá ṣẹ́ kù sínú igbá, ọmọ kan kò tíì wọ ọkọ̀ nìyẹn. Kò ka ọmọ rí. Àádùn ló ń kà, kò sì fi ọ̀kankan nínú wa sílẹ̀ sétí omi rí. Ohun tó ṣe fún mi lówùúrọ̀ Alámísì náà nìyẹn. Ó di àádùn mẹ́fà sínú àpò mi, ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́ máa bọ̀, pín in. Bí ó bá tán, kí ẹ máa bọ̀."

Ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ iye nǹkan tí Ìyá gbà gbọ́ tí èmi kì í lè gbà tán, tí n kì í sì í jiyàn sí, tó jẹ́ pé inú ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí nìkan ni mo ti ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí kò ni mí lára. Mo tilẹ̀ rò ó pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, pé òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìṣirò, kí ló wá burú nínú kí a fi àádùn ka ọmọ. Mo fi àpò náà kọ́ èjìká.

Inú àwọn ọmọ dùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Tìrìmísíyù gun ẹṣin pupa kan, ó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, ó ní orúkọ ẹṣin náà ni Gọ́bínà. Rọ̀kíbátù kò fẹ́ gùn ún. Ó dúró tì mí, ó di etí agbádá mi mú, ó ń wo abẹ́ ẹṣin. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ta ló ń tì wọ́n?" Mo ní ẹ́ńjìnnì ni. Mo ti kà nípa irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí tapólì tí wọ́n fi bo abẹ́ ẹṣin sókè, ó ní, "Èèyàn ni. Wọ́n ń làágùn." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni. Ọkùnrin mẹ́rin wà lábẹ́ pákó, wọ́n fi àyà ti igi, wọ́n ń yí po bí màlúù. Tìrìmísíyù pariwo láti orí ẹṣin, ó ní, "Ìwọ Rọ̀kí, ẹṣin onígi kì í mu omi o." Ó dá a lóhùn pé, "Ẹṣin kọ́ ni mò ń wò."

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa, nítorí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di àná. Nígbà tí ó kan ilé dígí, Rọ̀kíbátù ní ẹ̀rù ń ba òun. Fàlílátù ló ti ń di ọwọ́ rẹ̀ mú látàárọ̀. Mo ní kí Fàlílátù máa kó àwọn yòókù wọlé, kí ó fa ọwọ́ Rọ̀kíbátù lé mi lọ́wọ́. Ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìkéde kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àgọ́ ilé dígí náà, tí ó ṣàlàyé bí dígí ṣe ń yí àwòrán èèyàn padà. Mo ń kà á. Ohun kan wà nínú àlàyé náà tí kò yé mi, mo tún un kà. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ kékeré náà bọ́ kúrò nínú tèmi. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà láyé mi, ojú ewé kan yẹn ni mo fi ọmọ yín ṣe pàṣípààrọ̀ fún.

Àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Lójú kan náà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, gbogbo ọgbà sì dà rú, ọlọ́mọ ń pe ọmọ, èèyàn ń sáré lọ sábẹ́ igi. Mo gbé àbíkẹ́yìn Ṣẹ̀rífátù kọ́ ọrùn. Mo rántí àdéhùn Ìyá, mo tú àpò, mo ń pín àádùn sọ́wọ́ tó bá nà sí mi. Ọwọ́ ni mò ń wò, n kò wo ojú. Aṣọ aláwọ̀ ewé olódòdó funfun tí ẹ dá fún gbogbo wọn fún Iléyá ni mò ń rí yí mi ká. Mo fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àpò. Ó ti tán. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," a sì sáré nínú òjò dé ilé.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura. Kò kà wọ́n. Ó kàn wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, ó sì ní, "Rọ̀kíbátù dà?" Mo ní ó wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni lẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, àádùn tán." Nígbà náà ni Tìrìmísíyù ṣí ọwọ́ rẹ̀. Ìdì kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti jẹ dé ìdajì, ìdì kan wà lọ́wọ́ òsì tí kò tíì tú. Ó ní, "Mo bá a gba tiẹ̀ pamọ́ ni. Ó ní òun ń bọ̀."

N kò ní lè sọ bí mo ṣe padà dé ọgbà yẹn. Àwọn ọkùnrin náà ti ń ká tapólì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ń ti ẹṣin, Fàsásì, ọmọ Ìgbògbò, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ kékeré kan wá bá wa lábẹ́ ibẹ̀. Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹṣin.' A rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi wá nínú agolo mílíìkì. Mo mu ún. Ó tún lọ pọn ọ̀kan wá, èkejì mi mu ún. Ó wá ní òun ń bọ̀, ó ku ẹni méjì." Mo bi í pé níbo ló ti ń pọn omi. Ó ní níbi àgbá omi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ. Mo lọ bá ìyá náà. Ó ní nígbà tí ọmọ náà wá lẹ́ẹ̀kẹta, òun lé e, òun ní kó lọ pọn omi lọ́sà bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń rò ó láti ìgbà yẹn. Nínú gbogbo wa tó wà nínú ọgbà náà, àgbà àti ọmọdé, Rọ̀kíbátù nìkan ló ka èèyàn. Ó mọ̀ pé ó ku méjì.

A rí agolo náà lórí àtẹ̀gùn èbúté. Ó dúró dáadáa, kò ṣubú, òjò ti rọ̀ kún inú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àwọn apẹja ju àwọ̀n síbi tí omi ti jìn. Mo dúró tì wọ́n. Ìgbàkígbà tí àwọ̀n bá wúwo lọ́wọ́ wọn, mo máa ń wọnú omi lọ bá wọn. Igi ni wọ́n ń fà jáde, àti ẹja, àti apẹ̀rẹ̀ jíjẹrà kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí mo ṣe gbàdúrà, n kò gbàdúrà pé kí wọ́n rí i. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n má rí nǹkan kan.

A lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà lórí tábìlì ṣí ìwé ńlá, ó ní, "Ọmọ mélòó lẹ kó lọ síbẹ̀?" Kí n tó lanu, Ìyá ní, "A kì í kà wọ́n." Ọlọ́pàá náà gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, bí ẹ kò bá kà wọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọ̀kan kù?" Ìyá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀kan ló kù? Rọ̀kíbátù ló kù." Ọ̀dọ́kùnrin náà tún mú kálàmù, ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. Èmi ni mo sọ iye wọn fún un lẹ́yìn, níta, bí ẹni ń jalè.

Ìyá kò jẹun láti ìgbà náà. Ó ní ìka mi ni. Ó ní mo ti ka ẹ̀ta kí òun tó gbá ọwọ́ mi wálẹ̀, àti pé Rọ̀kíbátù ni ẹni kẹta tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. N kò rántí ẹni tó ṣe ẹnì kẹta. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe kíkà ló sọ ọmọ nù, àìkà ni, pé bí mo bá ti ka orí wọn nínú òjò yẹn, márùn-ún ni ǹ bá rí, ǹ bá sì ti padà kí obìnrin náà tó ṣí ọkọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè sọ ọ́. Òun ló tọ́ wa dàgbà lórí omi yẹn pẹ̀lú igbá àádùn rẹ̀, kò sì sọ ẹnì kankan nù. Ṣùgbọ́n òun a máa wo ojú bó ṣe ń pín in. Ìyẹn ni kò sọ fún mi, bóyá nítorí kò mọ̀ pé èèyàn kan wà tó lè pín oúnjẹ fún ọmọ láìwo ojú ọmọ.

Nípa Fàlílátù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bá a wí. Nígbà tí Ìyá bi í ní Alámísì pé ta ló di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ní òun ni. Ìyá gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni, ọmọ náà mọ̀ pé èmi ni, ó sì wo ojú mi, ó panu mọ́ nítorí tíṣà ni mí. Àná ni mo tó sọ òótọ́ fún Ìyá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló gba ìgbátí mi. Nígbà tí ó bá délé, ẹ fà á mọ́ra.

Òwúrọ̀ yìí ni Ògúnsànyà wá. Ó ní nígbà tí òjò Alámísì bẹ̀rẹ̀, òun rí obìnrin oníkòkò kan tó ń ṣí ọkọ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sì wà láàárín ìkòkò, tó ń sunkún. Òun bi í léèrè. Obìnrin náà ní, "Ó ní Ẹ̀pẹ́ nilé àwọn. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti já a sílẹ̀. Mo máa fà á lé ará Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ ní Ejìnrìn." Ògúnsànyà ní ó máa ń ta ìkòkò láti èbúté dé èbúté ni, ọjọ́ ọjà ló máa ń dé Ejìnrìn. Aṣọ aláwọ̀ ewé olódòdó funfun ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Mo ní òun ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé aṣọ yẹn ló kún gbogbo etí ọ̀sà lọ́dún yìí. Láti àná nìkan, mo ti sáré tẹ̀ lé ọmọ méjì tó wọ̀ ọ́, mo ń pe orúkọ Rọ̀kíbátù, wọ́n bojú wẹ̀yìn, ojú ọmọ ẹlòmíràn ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo dì mú ni ọ̀rọ̀ yẹn: Ẹ̀pẹ́ nilé wa. Ó dà bí ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, ohun tó máa sọ nìyẹn, nítorí òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ pé kó sọ orúkọ Bùrọ̀dá rẹ̀ tó wà ní Ìkòròdú. Ó yẹ kí n ti kọ́ ọ.

Wọ́n ka Yáásínì fún un ní mọ́sálásí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo kà á pẹ̀lú wọn. Ẹnu mi ń kà, etí mi ń gbọ́ ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń kọjá lójúde. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ábídí lórí iyanrìn kí n tó dé ilé ìwé, ẹ̀yin sì lẹ máa ń sọ pé n kò ní yéé béèrè ìdí. Ìdí kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Mo mọ̀ pé Mọ́ńdè ni ìsọmọlórúkọ. Bí inú yín bá bí sí mi débi pé ẹ kò fẹ́ rí mi níbẹ̀, ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i, n ó gbé e wá fúnra mi, n kò ní dá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ibi tí mo bá ti rí i títí dé orí itan yín. Bí mo bá sì ti kó wọn dé iwájú yín, n ó kà wọ́n sókè, lójú Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí omi ọ̀sà mọ orúkọ ọmọ yín. Kò ní jẹ́ kí ẹ fi ẹkún wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹja nínú òkùnkùn omi yóò ṣọ́ èyí tó wà lórí omi fún wa. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ayọ̀ ni kó kan ilẹ̀kùn yín, kí ó sì wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kékeré rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó gba ọmọ lọ́wọ́ yín,
Bàdírù.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fi kún un: ìdì kékeré kan wà tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Láti Alámísì ni Tìrìmísíyù ti ń gbé e káàkiri, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, eèrà ti ń wá a. Mo ní kó jẹ ẹ́, ó ní tòun kọ́. Láàárọ̀ yìí, nígbà tó gbọ́ pé lẹ́tà ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó gbé e wá fún mi, ó ní bóyá Rọ̀kí á ṣáájú òun délé. Àádùn náà ni. Mo ti gbọn eèrà kúrò lára ewé rẹ̀. Ọ̀kan ni. Mo kà á.